Màlúù Emmot Kì í Ṣe Àgbọ̀nrín Ọba

Nígbà tí Emmot Sallow fi máa dé ọgbà àhámọ́ ẹran láàárọ̀ ọjọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì, ilẹ̀kùn ọgbà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ àfi ìgbẹ́ màlúù tí ooru ṣì ń jáde lára ẹ̀. Ó wo ìgbẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti ń kó ìgbẹ́ màlúù kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí màlúù ọ̀hún, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ti ta ni fún un.

"Wat!" ló ké. "Wat Pinder! Jáde wá kí n rí ojú ẹ!"

Wat ni abúlé Scarrowby yàn láti máa ṣọ́ ọgbà tí wọ́n ń ti ẹran tó bá jẹ̀ kọjá ààlà mọ́. Ó yọrí láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ti múra fún eré Robin, olè inú igbó tó ń pa àgbọ̀nrín ọba, tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún: aṣọ ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ló wọ̀, ó so fèrè ìwo kọ́ ọrùn. Wat ló máa ń ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni wọ́n sì máa ń nà, torí ta ló fẹ́ wo eré Robin tí wọn ò ti na ẹ̀ṣọ́ igbó?

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Emmot."

"Fi àárọ̀ ẹ pamọ́. Damson dà?"

Wat wo bàtà ara ẹ̀ bíi pé ẹ̀yìn bàtà ni màlúù sá sí. "Wọ́n wá mú un kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Sà Fulke ni."

Sà Fulke Marling ló ni ilé olókùúta tó wà lórí òkè. Nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó kọjá ló fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí Pápá Gígùn ká, ó da àgùntàn ẹ̀ sínú ẹ̀, ó ní pápá ti di tòun. Pápá tí ìyá tó bí ìyá Damson ti jẹ koríko! Màlúù kì í sáà lọ gbọ́ ìkéde. Lọ́jọ́ Ẹtì, Damson rí àlàfo kan lára ẹ̀gún, ó wọlé bó ṣe máa ń wọlé, wọ́n sì fi okùn fà á lọ sí àhámọ́. Emmot ti lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì.

"Wọ́n mú un lọ síbo?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo lé mi lórí. Sà Fulke ló máa ṣe Robin lọ́dún yìí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Emmot, ẹ̀rín tí ò ní ayọ̀ kankan nínú. "Fulke? Ṣé Robin tí à ń sọ yìí náà ni, tó ń gba tọwọ́ olówó fún aláìní? Báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é? Ṣé ó máa lọ dá ara ẹ̀ lọ́nà ni?"

"Ó ní àwọn àlejò ńlá. Ó ní àgbò tí à ń so ìwo àgbọ̀nrín mọ́ lórí yẹn, eré ọmọdé ni. Òun fẹ́ ta ọfà gidi, kí ẹran ṣubú, kí wọ́n sun ún, kí Robin wá pín in fún àwọn aláìní. Ó ní ẹran wà lọ́gbà tí ẹnì kankan ò tí ì wá gbà."

"Àwọn aláìní wo?"

"Àwa náà mà ni, Ìyá."

Wàrà Damson ni Emmot ń jẹ, bọ́tà Damson ló ń tà kó tó rí iyọ̀ àti igi ìdáná rà. Láti ìgbà tí Hobb ọkọ ẹ̀ ti kú, màlúù yẹn nìkan ló dúró láàárín òun àti agbe. Hobb pàápàá ti ṣe Robin rí, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Ọfà koríko ló ń ta. Àgbò á sáré pẹ̀lú ìwo lórí, á wọ àárín àwọn obìnrin, wọ́n á fi yẹ̀yẹ́ pariwo, àwọn ọmọdé á gbá tẹ̀lé e, gbogbo ayé á sì jẹ páì ẹlẹ́ran. Àgbò kan náà ló ń padà wá lọ́dọọdún. Ohun tí ò pa ẹnì kankan, Fulke ti wá fẹ́ fi pa òun.

"Ìwọ ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ," ló sọ fún Wat. "O ṣílẹ̀kùn fún wọn."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe, Ìyá? Ẹni tó ni ilé tí mò ń gbé ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ni ilé, òun ló ni pápá, lónìí òun ló tún ni Robin. Kí ló kù fún ọ tó jẹ́ tìẹ? Fèrè ọrùn ẹ yẹn?"

Ó yí padà, ó sì gba ojú ọ̀nà lọ. Ó ń rìn kíá bí ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó.

Ní gbàgede abúlé, wọ́n ti yí àgbá ọtí síta. Gib Oundle dúró tì í pẹ̀lú igi kọ́ńsítébù lọ́wọ́. Aránṣọ ni Gib, àmọ́ abúlé ló yàn án ṣe kọ́ńsítébù lọ́dún méjèèjì tó kọjá, iṣẹ́ náà sì ti fún un ní inú rírun. Lọ́dún tó kọjá, olè jí aṣọ ní ilé ahunṣọ, wọ́n fi igbe ta, wọ́n fọn fèrè, àmọ́ àwọn ọkùnrin Scarrowby wà nídìí ọtí. Wọ́n ní àwọn á mu èyí tó wà nínú ife tán ná. Olè lọ. Nígbà tí àwọn adájọ́ ọba dé, wọ́n bu ìtanràn lé gbogbo abúlé lórí, torí òfin ni pé tí igbe olè bá ti ta, ẹni tó gbọ́ gbọ́dọ̀ sáré, ìbáà jẹ́ ìhòhò ló wà. Kò sí ilé tí ìtanràn yẹn ò kan. Láti ọjọ́ náà ni Gib ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń sọ ọ́ nídìí ọtí, pé ẹni tí ò bá sáré nígbà míì, òun fúnra òun lòun máa fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Gib, wọ́n fẹ́ pa màlúù mi."

"Mo gbọ́, Ìyá Emmot. Ẹ ní sùúrù."

"Sùúrù máa ń jáde lọ́mú ni? Ṣé mo máa fún un mu?"

"Mo ti bá alásè sọ̀rọ̀. Ibi tó lọ́ràá ni wọ́n máa gé fún yín."

Àwọn tó dúró nítòsí rẹ́rìn-ín. Emmot wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ẹ̀rín fi gbẹ lẹ́nu wọn.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Lónìí, Damson ni. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, màlúù ta ni wọ́n máa so ìwo mọ́ lórí? Tìẹ ni, Lambert? Àbí ẹ rò pé Robin máa lọ ra ẹran lọ́jà?"

Lambert ahunṣọ gbé ojú sápá kan. Ìlù ti ń dún bọ̀ látorí òkè.

Sà Fulke gun ẹṣin wá. Aṣọ aláwọ̀ ewéko tuntun ló wọ̀, aṣọ sẹ́dà tí olè inú igbó ò lè rí lójú àlá. Ó fi fìlà aláṣọ bo orí, ó sì fi èédú kun gbogbo ojú ẹ̀ dúdú kirikiri, àfi ẹyin ojú àti eyín. Wọ́n ti sọ fún un pé Robin máa ń fi ara pamọ́. Kò sẹ́ni tó kun èédú rí nínú eré Scarrowby, torí gbogbo wọn ló mọ ara wọn, àmọ́ Sà Fulke fẹ́ káwọn àlejò òun rí ohun tó dùn. Àwọn àlejò náà jókòó sórí bẹ́ńṣì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, pẹ̀lú ajá kéékèèké lórí itan.

"Èmi ni Robin!" ló ké. "Mò ń gba lọ́wọ́ ẹni tó ní, mo sì ń fún ẹni tí ò ní!"

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Àwọn ará abúlé wo ọ̀nà Pápá Gígùn. Ẹnì kan wúkọ́.

Wọ́n wá fa Damson jáde.

Wọ́n ti fi okùn pupa de ìwo àgbọ̀nrín ńlá mọ́ ọn lórí, lórí ìwo ara ẹ̀. Ó ti yẹ̀ sápá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó lójú. Wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn bíi pé ìyàwó ni. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ó sì pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́ fún ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀. Emmot rí orúnkún ẹran náà tó ń gbọ̀n. Damson gbóòórùn ẹ̀, ó yí orí wúwo yẹn, ó sì ké "mùúù" bí ẹni tó ń béèrè pé kí lo tún ń dúró dè.

Emmot bọ́ sáàárín agbo.

"Màlúù mi nìyẹn."

Sà Fulke rẹ ọrun sílẹ̀. "Ta ni obìnrin yìí nínú eré?"

"Opó ni!" Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ló kígbe bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tí ìlẹ̀kẹ̀ kún ọrùn ẹ̀. "Opó kan máa ń wà níbẹ̀ ṣáá! Ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀!"

"Mi ò sí nínú eré kankan. Ẹ tú ẹran mi sílẹ̀."

Sà Fulke sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá arúgbó, kúrò níbẹ̀. Wọ́n máa fún ẹ ní itan."

"Itan Damson? Kí n jẹ màlúù mi, kí n wá kúnlẹ̀ fún ẹ pé o ṣeun?"

"Ẹran tó bá wọ ilẹ̀ mi, tèmi ni."

"Ilẹ̀ ta ni? Ilẹ̀ tí baba ọkọ mi ti ń da ẹran, nígbà tí baba tìẹ ṣì ń ta awọ àgùntàn kiri lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù! O gba pápá, mo dákẹ́. O ti ọ̀nà odò, mo rìn yí ká. O wá dé orí màlúù kan ṣoṣo, o kun èédú, o ń pe ara ẹ ní olóore. Olóore wo? Ohun tó o jí nílé mi lo fẹ́ fi ṣe sàárà fún mi!"

"Ẹ wò ó bó ṣe mọ eré ṣe!" ni obìnrin onílẹ̀kẹ̀ yẹn wí. Ó ju owó fàdákà kan sí Emmot. Ó balẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹ̀, gbogbo bẹ́ńṣì sì pàtẹ́wọ́ gee.

Sà Fulke fi orí ọrun tì í láyà. Kò tì í lágbára, bí èèyàn ṣe ń ti ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ ni. Emmot yọ̀, ó sì fi ìdí jókòó sínú ìgbẹ́ tí Damson ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Àwọn àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èyí ò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé ó gbọ́ ẹ̀rín láti apá ibi tí àwọn aládùúgbò ẹ̀ wà.

Ó gbójú sókè. Ọkùnrin náà ti fi ọfà lé ọrun, irin ẹnu ọfà ń dán. Emmot ò ronú kan ohunkóhun. Ó kàn la ẹnu ni, ohun tó ti wà nínú ẹ̀ láti ìgbà Lẹ́ńtì sì jáde.

"Olèèèè! Ẹ gbà mí o! Olè! Ó ń gbé màlúù mi lọ! Olè rèé o!"

Ẹ̀yin náà mọ bí igbe yẹn ṣe ń rí létí ẹni tó ti san ìtanràn rí. Kò dúró de ọgbọ́n orí, ẹsẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Ife ọtí ń já bọ́ lu ara wọn. Lambert ti sáré dé ìdajì agbo kó tó bi ara ẹ̀ pé ibo lòun ń lọ. Wat gbé fèrè ìwo sẹ́nu, ó fọn ọ́n tọkàntọkàn. Fèrè eré ni o, àmọ́ ta ló ń béèrè lọ́wọ́ fèrè?

"Olè dà?"

"Òun nìyẹn! Ẹni tó fi èédú kun ojú! Okùn màlúù mi ló wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀!"

Sà Fulke yí padà lójijì, ọfà sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fò kọjá lórí Damson, ó gún àgbá ọtí lágbedeméjì, ọtí sì tú yàà sórí koríko. Ẹni tí kò bínú nítorí màlúù bínú nítorí ọtí. Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀.

"Èmi ni! Èmi Fulke ni! Ẹ̀yin ẹran yìí, èmi ni!"

"Ẹ gbọ́ olè yìí ná!" ni ìyàwó Lambert ń pariwo, ó sì ń fi bàtà onígi ẹ̀ bá a wí. "Kò jí màlúù nìkan, ó tún fẹ́ ba orúkọ olówó wa jẹ́!"

Ọmọ iṣẹ́ tó di okùn mú jù ú sílẹ̀, ó ré kọjá. Èkejì ẹ̀, tó ti jẹ ẹgba lọ́wọ́ ọ̀gá náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wá igi gígùn kan wá, ó ní bóyá èyí á wúlò tí wọ́n bá fẹ́ gbé e. Lórí bẹ́ńṣì, àwọn àlejò ń nu omijé ẹ̀rín. Wọn ò rí eré tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn.

Gib dé pẹ̀lú igi ẹ̀. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ò mọ ẹni tó wà nílẹ̀, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu Gib. Gib wo ẹni tó wà nílẹ̀. Ó wo àwọn àlejò. Ó wá wo Emmot, tó ti dìde, tí ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ, tó ti di ọrùn Damson mú, tí ojú ẹ̀ pọ́n bí irin inú iná. Ó ń wo Gib láìṣẹ́jú.

"Wọ́n fi igbe ta," ni Gib wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àbí wọn ò fi igbe ta?"

"Wọ́n fi ta!" ni gbogbo wọn dáhùn.

"Gib! O mọ̀ mí!" ni ohùn wá láti inú èédú.

"Sà Fulke ni mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Sà Fulke kì í kun ojú. Sà Fulke kì í gbé màlúù opó. Tí mo bá ní Sà Fulke lèyí, àbùkù ńlá ni mo fi kan ọmọlúàbí." Gib nu òógùn ojú ẹ̀. "Ẹran tí a ò bá mọ olúwa ẹ̀, ibo là ń mú un lọ?"

"Àhámọ́!"

"Ó yá, ẹ gbé e. Kí olúwa ẹ̀ wá gbà á."

Wọ́n so ó mọ́ igi bí ẹran ìgbẹ́, wọ́n gbé e gba àárín abúlé, ó ń ṣépè títí ohùn ẹ̀ fi ha. Wat ló ti ilẹ̀kùn. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó wo ohun tó wà nínú ọgbà, ó ní, "Ẹ dákun, sà, tí ebi bá ń pa yín, koríko wà lápá ibẹ̀ yẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀kan nínú àwọn àlejò, bàbá arúgbó kan tó ti ṣe adájọ́ rí, wá onílé ẹ̀ débẹ̀. Òjò ti rọ̀ díẹ̀, ó ti wẹ ìdajì ojú Sà Fulke. Bàbá náà di igi ọgbà mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní ìhà ń dun òun.

"Mo máa so gbogbo wọn kọ́!" ni Sà Fulke ń wí.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ. Ibo lo fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ? Wọ́n á ní kó o sọ ìdí tó o fi kun ojú dúdú láti pa ẹran tí kì í ṣe tìẹ. Òfin ọba kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Lọ wẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe sí ẹjọ́. Emmot fa Damson lọ sílé, ó gé okùn pupa yẹn, ó sì fi ìwo àgbọ̀nrín ọ̀hún kọ́ ìkòkò sí ẹ̀yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ayé dára. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Wat. Ẹ̀gún ṣì wà lára Pápá Gígùn, wọ́n tún fi òmíràn kún un. Àgùntàn ń jẹ, Emmot ń gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń rù ú lórí bí ẹrú, kí Damson má bàa kú. Ní gbogbo ojúmọ́ tó bá gba ẹ̀bá ọgbà náà kọjá, inú ẹ̀ á tún ru sókè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, ó ń ru koríko bọ̀, ó gbọ́ orin láti ilé ọtí. Ó dúró, kó fi sinmi. Lambert ló ń lé orin, àwọn tó kù ń gbè. Opó kan wà tó ń sunkún lójú ọ̀nà, ni orin náà wí, olówó ti gba màlúù ẹ̀. Robin sì ti inú igbó jáde, ó nu omijé opó, ó mú olówó, ó sì dá màlúù padà fún un. Opó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu ko Robin lọ́wọ́.

Emmot ju ẹrù koríko sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.

"Ta ló sunkún?"

Orin kú.

"Mo ní ta ló sunkún? Lambert, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ìdí mi ló wọ inú ìgbẹ́, ọ̀nà ọ̀fun mi ló ya. Robin wo ló nu omijé? Robin ló kun èédú tó fẹ́ ta màlúù mi lọ́fà! Màlúù mi bọ́ lọ́wọ́ Robin, ẹ tún mú un padà fún Robin?"

"Ìyá Emmot, orin mà ni," ni Gib wí láti ìkángun. "Kí ló ń bí yín nínú?"

"Gbogbo yín!"

Lambert sọ ife kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, tí mo bá fi orúkọ yín sí i, orin á rin ìrìn, á dé ilé olókùúta, wọ́n á wá wó ahéré yín. Tí mo bá fi Robin sí i ńkọ́? Ta ni wọ́n fẹ́ wá mú? Ta ló mọ ilé ẹ̀?"

Ìbínú ò kúrò lójú Emmot o, ó kàn yí ibi tó kọjú sí padà ni.

"Robin ló ṣe é," ló wí.

"Òun ni, Ìyá."

"Ó dáa. Á jẹ́ pé ó ní iṣẹ́ míì."

Àáké Gib wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbé e. Oòrùn ṣì ga, ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ kedere, ẹni tó bá fẹ́ rí i lè rí i. Ó rìn tààrà lọ sí Pápá Gígùn, ó gbé àáké sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀gún láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀gún fà á lọ́wọ́ ya, kò wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbọ́ ẹni tó ń gé lápá ọ̀tún ẹ̀: Wat ni. Lápá òsì, Lambert àti ìyàwó ẹ̀. Wọ́n tún ti ń kọ orin ọ̀hún, òun náà sì ń gbè é pẹ̀lú eyín tó di pọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dé ibi tí opó ti ń sunkún, ó ṣán àáké mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n fo ẹsẹ orin yẹn dá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sà Fulke bá èéfín ẹ̀gún tó jóná níbi tí ọgbà ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Àgùntàn ẹ̀ ti tú ká dé ojú odò, màlúù gbogbo abúlé sì ń jẹ koríko. Ó nàka sí Gib.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Robin ni, sà."

"Robin wo?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo náà ló wà, sà."

"Níbo ló ń gbé?"

Gib wo ilẹ̀. Emmot jókòó sórí àpótí láàárín pápá, ó fi orí ti ìhà Damson, wàrà ń ró ṣààrà ṣààrà sínú korobá. Ọwọ́ ẹ̀ tí ẹ̀gún ti ya ò dúró. Kò sì gbójú sókè.

"Inú igbó," ni Emmot dáhùn. "Lọ wá a."